Lẹ́yìn orúkọ tó wà lára àwo: láti Atlanta dé Meridian

Ọjọ́bọ̀, Atlanta sí Bristol

Ìdájí la jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀ mí ní ìrìn-àjò yìí. Wọ́n wá láti Ìbàdàn láti wá sinmi lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ti sọ fún mi lórí fóònù kí wọ́n tó wọ bàálù pé ilé gogoro kò wu àwọn í wò; ibi tí wọ́n ti gba àwọn orin tí Bàbá máa ń gbọ́ sílẹ̀ ni kí n mú àwọn lọ. Onígìtá ni Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti bá ẹgbẹ́ jùjú ta gìtá rí kí iṣẹ́ ìjọba tó gbà wọ́n. Èmi ní tèmi, àwo àtijọ́ ni mò ń kó jọ. Bí àwo bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ àkọlé orin ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni orin sí. Ibẹ̀ ni owó ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ orúkọ ti sọnù.

Kí a tó bọ́ sí títì márosẹ̀, a gba Nassau Street kọjá ní àárín Atlanta. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 1923, Ralph Peer ti iléeṣẹ́ àwo Okeh gbé ẹ̀rọ wá síbẹ̀ láti New York, ó sì gba ohùn Fiddlin' John Carson sílẹ̀, bàbá kan tó ń ta fáólìn tó sì ń kọrin sí i. Orin náà kò dùn létí Peer rárá. Polk Brockman, tó ń ta àwo ní Atlanta, ló ní kí wọ́n sáà tẹ 500 fún òun, wẹ́rẹ́ ló sì tà wọ́n tán. Bí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ṣe mọ̀ nìyẹn pé òyìnbó ará oko náà ń fowó ra orin. Wọ́n ti wó ilé náà lọ́dún 2019 nítorí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ìlú tó bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó fi ọwọ́ méjèèjì mú un.

Okeh yìí kan náà ló gbé "Crazy Blues" ti Mamie Smith jáde lọ́dún 1920, obìnrin adúláwọ̀, tí àwo náà sì tà kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò. Nígbà tí ọjà méjèèjì ti wá ṣí sílẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ya ìwé ìpolówó wọn sọ́tọ̀: tàwọn adúláwọ̀ lọ́tọ̀, tàwọn òyìnbó ará oko lọ́tọ̀. Àwọn tó ń ta àwo ló ṣe ìpínyà yẹn. Àwọn tó ń ta gìtá kò pín ohunkóhun, wọ́n ń kọ́ orin lọ́wọ́ ara wọn ni.

Òjò ká wa mọ́ ọ̀nà. Ọ̀sán ti rọ̀ kí a tó wọ Bristol.

Ọjọ́ Ẹtì, Bristol

Títì tó la àárín ìlú yìí kọjá, State Street, òun ni ààlà. Tí o bá dúró ní ọwọ́ kan, Tennessee lo wà. Sọdá sí ọwọ́ kejì, o ti dé Virginia. Wọ́n ri idẹ pẹlẹbẹ mọ́ àárín títì kí ojú lè tó ibi tí ìpínlẹ̀ kan parí sí. Ní apá Tennessee ni ilé Taylor-Christian wà nígbà náà, àwọn tó ń ta fìlà. Peer, tó ti kúrò ní Okeh tó ń bá iléeṣẹ́ àwo Victor ṣiṣẹ́, háyà àjà òkè ilé náà, ó sì gba orin sílẹ̀ níbẹ̀ láti 25 Oṣù Keje títí di 5 Oṣù Kẹjọ 1927. Orin 76 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olórin 19. Ilé náà kò sí mọ́, àmì ìrántí nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Birthplace of Country Music Museum, tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2014, kò jìnnà síbẹ̀, a sì jókòó sínú rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó gba Ẹ̀gbọ́n lọ́kàn jù ni ẹ̀rọ. Kí ó tó di ọdún 1925, ẹnu ìwo gbàǹgbà kan ni olórin máa ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló sì ń mi abẹ́rẹ́ tó ń ha àwo ìda. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá tinrín, kò sí bó ṣe lè bá wọn ṣe é. Nígbà tí Peer fi máa dé Bristol, máíkì oníná ti wà. Obìnrin lè rọra kọrin bí ẹni tó jókòó sí yàrá ìdáná rẹ̀, kí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọnú àwo. Síbẹ̀, iná kọ́ ló ń yí ìda yẹn. Òkúta ìwọ̀n kan tí wọ́n so rọ̀ sókè, tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ni ó ń yí i, kí ìda má baà sáré níbì kan kó fà níbòmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ ni orin kan ní. Bí ẹnìkan bá húkọ́ ní ìparí, ìda ti bàjẹ́, kí wọ́n mú òmíràn wá ni.

Ní 1 Oṣù Kẹjọ ni àwọn Carter bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin níbẹ̀: A.P. Carter, Sara ìyàwó rẹ̀, àti Maybelle, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Sara tó sì tún jẹ́ ìyàwó àbúrò A.P. Àbúrò yìí ló ni mọ́tò tí wọ́n gbé wá. Wọ́n ní A.P. fi bíbá a ro oko àgbàdo ṣe ìlérí kó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Maybelle kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, oyún sì wà nínú rẹ̀ tó ti wọ oṣù ńlá. Orin mẹ́fà ni wọ́n kọ láàárín ọjọ́ méjì, dọ́là 50 ni Peer sì ń san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 4 Oṣù Kẹjọ, Jimmie Rodgers wọlé ní òun nìkan pẹ̀lú gìtá rẹ̀, torí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí orúkọ tí wọ́n máa fi sára àwo. Orin méjì ló gbà sílẹ̀.

Dọ́là 50 yẹn, owó gidi ni lójú àgbẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Peer ti ṣe tirẹ̀. Kò bá Victor ṣe àdéhùn owó oṣù. Ohun tó ní òun fẹ́ ni ẹ̀tọ́ lórí àwọn orin náà, lọ́dún 1928 ó sì dá iléeṣẹ́ Southern Music sílẹ̀ láti máa tọ́jú wọn. Gbogbo ìgbà tí àwo bá tà, owó ń wọlé fún ẹni tó ni orin nínú ìwé. Nítorí náà ni Peer ṣe ń wá orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì forúkọ sí, tàbí orin àtijọ́ tí wọ́n yí padà débi tí wọ́n á fi lè pè é ní tuntun. A.P. Carter wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti abúlé dé abúlé, ó ń gbọ́ orin lẹ́nu àwọn arúgbó, ó sì ń gbé wọn wá fún Peer pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀.

Adúláwọ̀ kan ṣoṣo ló gba orin sílẹ̀ ní Bristol lọ́dún yẹn, El Watson, tó ń fọn hàmóníkà. Mo wá fọ́tò rẹ̀ títí nínú mùsíọ́mù náà, mi ò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Hiltons

Ìrìn kékeré ni láti Bristol sí Hiltons ní Virginia, nísàlẹ̀ òkè Clinch. Ilé pákó tí wọ́n bí A.P. sí wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó ń tà nígbà ogbó rẹ̀ náà wà níbẹ̀, àti gbọ̀ngàn Carter Fold tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Janette, dá sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti ń gbà àwọn olórin lálejò nínú ṣọ́ọ̀bù náà láti ọdún 1974. Gbogbo alẹ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣeré. Gìtá oníná kò gbọdọ̀ wọlé, ọtí kò gbọdọ̀ wọlé. Tọmọdé tàgbà ló dìde jó, wọ́n kan irin mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà wọn kí ẹsẹ̀ lè máa dún mọ́ orin.

Orúkọ tí mo wá gbọ́ ni ti Lesley Riddle. Adúláwọ̀ ni, ọmọ North Carolina tó dàgbà sí Kingsport. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló gé e lẹ́sẹ̀ kan nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, gìtá ló sì gbájú mọ́ nígbà tí egbò ń jinná. Lọ́dún 1928 ni A.P. pàdé rẹ̀, wọ́n sì jọ rìn káàkiri. A.P. á máa kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀, Riddle á sì fi orí kó ohùn rẹ̀ lọ sílé. Bó bá ti gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan, ó ti mú un. Tí wọ́n bá padà dé, ó máa ń sùn nílé àwọn Carter fún ìgbà díẹ̀, Maybelle á sì máa wo ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn. Lára ohun tó kọ́ ọ ni "The Cannon Ball". Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwo kankan tí ìdílé náà ṣe. Ọdún 1965 ni Mike Seeger, olórin tó ń kó orin àtijọ́ jọ, tó wá a rí ní Rochester, tó sì gba ohùn Riddle fúnra rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà ìsinmi láàárín eré, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yá Ẹ̀gbọ́n ní gìtá rẹ̀. Wọ́n ta á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ìbàdàn, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà na ọrùn wò ó. Bí Maybelle ṣe ń ta tirẹ̀ ni pé àtàǹpàkò ló ń mú ojú orin lórí àwọn okùn tó nípọn, àwọn ìka yòókù sì ń gbá àwọn okùn tínrín láti fi gbè é. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àtàǹpàkò ni baba. Ẹni tó kọ́ obìnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe."

Bánjò wà nínú gbogbo orin tí wọ́n ṣe lálẹ́ yẹn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló gbé ìmọ̀ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà: igbá tí wọ́n fi awọ bò, tí wọ́n sì na okùn sí. Nígbà tí Tunde King ń ṣe àwo jùjú rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1936, bánjò ni òun náà fi ń kọrin, èyí tí ọkọ̀ ojú omi gbé padà wá lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti fi irin sí i lára.

Ọjọ́ Àìkú

Ọ̀nà ni gbogbo òní. A dé Nashville, a jẹun, a sùn.

Ọjọ́ Ajé, Nashville

Ryman Auditorium la kọ́kọ́ lọ. Ilé ìwàásù ni wọ́n kọ́ ọ fún, lọ́dún 1892, àga rẹ̀ ṣì rí bí àga ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní. Láti 1943 títí di 1974, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ rédíò WSM ti ń ṣe ètò orin Grand Ole Opry.

Ẹni tí mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ni DeFord Bailey, adúláwọ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti bá jà ní kékeré, tó fi hàmóníkà ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè fi odindi ẹgbẹ́ ṣe. Nínú "Pan American Blues", o máa gbọ́ tí rélùwéè gbéra, tó sáré, tó fọn fèrè, tó gun afárá. Lóṣù Kejìlá 1927, ètò orin òpẹ́rà àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lórí rédíò, Bailey sì fọn rélùwéè rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìgbà náà ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ George D. Hay fi òpẹ́rà ṣe àwàdà, tó pe ètò tiwọn ní Grand Ole Opry. Àtorí orin adúláwọ̀ yìí ni orúkọ náà ti wá. Bó bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn yòókù ń sùn kì í gbà á. Lọ́dún 1941, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti ẹgbẹ́ ASCAP, tó ń gba owó fún àwọn tó ni orin, ń bá ara wọn jà. Àwọn orin tí Bailey fi lókìkí, tó wà lọ́wọ́ ASCAP, kò ṣeé lò lórí afẹ́fẹ́ mọ́. Wọ́n dá a dúró lọ́dún náà. Bàtà àwọn ènìyàn ló ń dán títí tó fi darúgbó. Ọdún 2005 ni wọ́n tó gbé orúkọ rẹ̀ wọ Country Music Hall of Fame, ó ti kú láti 1982. Mi ò lè ka ìtàn yìí kí inú mi má bàjẹ́.

Lọ́sàn-án, Studio B, yàrá ìgbohùn iléeṣẹ́ àwo RCA. Ilé kékeré tí kò ní fèrèsé, ọdún 1957 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n bọ́ fìlà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ibẹ̀ ni Jim Reeves ti kọ "He'll Have to Go" lọ́dún 1959. Kò sí ilé tó ní rédíógíráàmù ní àdúgbò wa nígbà náà tí kò ní Jim Reeves níbẹ̀, pàápàá jù lọ bí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Ohùn rẹ̀ a máa ga tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó fà á wálẹ̀, tó súnmọ́ máíkì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí etí ẹnìkan, ni ayé gbọ́ ọ. Bàálù kékeré tó ń fúnra rẹ̀ wà já lulẹ̀ nínú ìjì nítòsí Nashville, 31 Oṣù Keje 1964. Ẹ̀gbọ́n rántí ọjọ́ tí ìròyìn náà dé Ìbàdàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Memphis

Ilé oníbíríkì pupa, 706 Union Avenue, tí ayé mọ̀ sí Sun Studio. Sam Phillips ṣí i lóṣù Kìíní 1950, ó ní ohunkóhun ni òun máa gbà sílẹ̀, ì báà jẹ́ ìgbéyàwó. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni àwọn olórin adúláwọ̀ tí kò sí ẹni tó ń gba ohùn wọn nítòsí. Howlin' Wolf kọrin níbẹ̀. B.B. King náà kọrin níbẹ̀.

Lóṣù Kẹta 1951 ni ẹgbẹ́ Ike Turner gba ọ̀nà Highway 61 bọ̀ láti Clarksdale, ẹ̀rọ gìtá wọn sì bàjẹ́ lọ́nà, ohùn inú rẹ̀ ya. Phillips kò lé wọn padà. Ó ki bébà ìròyìn bọ inú rẹ̀, ó gbọ́ ìró tó ń há bí ohùn ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ó sì ní kí wọ́n máa bá a lọ. Orin náà ni "Rocket 88". Iléeṣẹ́ àwo Chess ní Chicago ló gbé e jáde, ó sì gba ipò kìíní láàárín orin àwọn adúláwọ̀ lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ ló pè é ní àwo rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́. Èmi kò fẹ́ràn ìjà lórí ta ló kọ́kọ́ ṣe é. Ohun tó jọ mí lójú ni pé Jackie Brenston tó kọ ọ́ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sára àwo pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Delta Cats, ẹgbẹ́ Ike Turner sì ni.

Inú yàrá náà kò fẹ̀. Pákó olójú wẹ́wẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àjà ṣì wà lókè bí Phillips ṣe tò ó, láti máa gbé ohùn mì. Ní 5 Oṣù Keje 1954, Elvis Presley, Scotty Moore àti Bill Black ti gbìyànjú orin jẹ́jẹ́ títí, kò ta. Nígbà ìsinmi ni Elvis gbé gìtá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri pẹ̀lú "That's All Right", orin tí Arthur Crudup, ọmọ Forest ní Mississippi, ti kọ sórí àwo lọ́dún 1946. Phillips ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sí onílù níbẹ̀. Báàsì tí Black ń gbá ní ọrùn ló ṣe ìlù. Lẹ́yìn àwo náà ni wọ́n fi "Blue Moon of Kentucky" ti Bill Monroe sí, wọ́n sì sọ ijó rẹ̀ tó ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta di mẹ́rin-mẹ́rin. Monroe náà, òyìnbó, sì máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Arnold Shultz, adúláwọ̀ onígìtá ní Kentucky, wà lára àwọn tí òun kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo fi ìtẹ̀jáde àtijọ́ kan tí mo ní han Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ Crudup wà nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ náà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n Lester Melrose tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ orin ti bọ́ sí lọ́wọ́ nínú ìwé, nítorí náà owó kò gba ọ̀dọ̀ Crudup. Iṣẹ́ lébìrà ló padà ṣe, ó sì kú lọ́dún 1974 láì tíì gba ohun tó tọ́ sí i. Nínú gbogbo ohun tí a rí, èyí ló bí Ẹ̀gbọ́n nínú jù, nítorí àwọn náà mọ onígìtá jùjú tó ṣe orin tí ẹlòmíràn fi kọ́lé.

Ìró gbohùn-gbohùn tó wà nínú àwọn àwo Sun, ẹ̀rọ téèpù méjì ni Phillips fi ṣe é. Ohùn á wọ ti àkọ́kọ́, èkejì á gbà á pẹ̀lú ìdádúró díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n á sì da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń mú wa káàkiri tún fi ọgbọ́n Johnny Cash hàn wá: ó ki owó dọ́là bébà sáàárín okùn gìtá, ó sì gbá a. Ó ń ṣe ṣákáṣákà. Bí Cash ṣe ní onílù láì ní onílù nìyẹn nínú "I Walk the Line" lọ́dún 1956.

Ọjọ́rú, Clarksdale

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ, oko òwú lọ́tùn-ún lósì. Nínú Delta Blues Museum ni ahéré tí Muddy Waters, olórin blues, gbé ní oko Stovall wà báyìí. Wakọ̀-wakọ̀ katakata ni, lóṣù Kẹjọ 1941, nígbà tí Alan Lomax ti Ibi Ìkówèésí Ìjọba Àpapọ̀ ní Washington àti John Work ti Yunifásítì Fisk gbé ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní ìgbà tí òun gbọ́ ohùn ara òun láti inú àwo ni òun gbà pé òun lè ṣe é. Lọ́dún 1943 ó wọ rélùwéè lọ sí Chicago.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ ìtàn yìí, Lomax nìkan ni wọ́n mọ̀. Work ló ti kọ̀wé pé kí wọ́n ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Mississippi kí Lomax tó wọ̀ ọ́. Adúláwọ̀ ni, ọ̀jọ̀gbọ́n orin ni. Àkọsílẹ̀ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú àpótí, kò sì di ìwé títí di ọdún 2005. Nítorí náà kì í ṣe orúkọ àwọn olórin nìkan ló sọnù.

Riverside Hotel, ilé ìwòsàn àwọn adúláwọ̀ ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Bessie Smith, akọrin blues, kú sí lọ́dún 1937 lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀. Ike Turner gbé ibẹ̀ nígbà tó di hòtẹ́ẹ̀lì. A dúró níwájú rẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, Greenwood sí Meridian

Ọmọ Yorùbá kankan kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé oríta fún un, nítorí náà ìtàn pé Robert Johnson ta ẹ̀mí rẹ̀ fún èṣù ní oríta kí ó lè mọ gìtá ta kò ya Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Àmọ́ ìtàn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀dọ̀ onígìtá kan tó ń jẹ́ Ike Zimmerman ni Johnson lọ jókòó tì, ó kọ́ṣẹ́, wọ́n sì máa ń lọ ta gìtá lálẹ́ ní itẹ́ òkú kí wọ́n má baà di àwọn ènìyàn lọ́wọ́ oorun. Orin 29 ló fi sílẹ̀, láti inú ìgbà méjì péré tó wọ yàrá ìgbohùn, San Antonio lọ́dún 1936 àti Dallas lọ́dún 1937. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kú nítòsí Greenwood, ọmọ ọdún 27. Ẹni tó bá ní èṣù ló ṣe é ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ti gba orúkọ lọ́wọ́ olùkọ́.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Meridian, ìlú Jimmie Rodgers. Ojú irin ló ti ṣiṣẹ́ kó tó di olórin, nígbà èwe rẹ̀ ó ń pọn omi fún àwọn lébìrà adúláwọ̀ tó ń tún ojú irin ṣe, orin wọn ló sì ń gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní 26 Oṣù Karùn-ún 1933. Sàréè rẹ̀ wà ní Oak Grove. A padà sínú ọkọ̀, mo sì fi "Blue Yodel No. 9" sí i, èyí tó gbà sílẹ̀ ní Los Angeles ní 16 Oṣù Keje 1930. Rodgers kọ ẹsẹ àkọ́kọ́, kàkàkí kan sì dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n gbá apá mi.

"Ìwọ! Ṣé kì í ṣe Louis Armstrong nìyẹn?"

Òun ni, Lil ìyàwó rẹ̀ ló sì ń tẹ dùùrù. Orúkọ Jimmie Rodgers ni Victor tẹ̀ sára àwo náà. Kò dárúkọ àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ní kí n tún un fi sí i, a sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ títí a fi jáde kúrò ní Meridian, tí a bọ́ sí ọ̀nà Alabama.